Ìyá Àgbà àti Ẹ̀fọ́ Inú Fírísà

Ní ọdún tí ìyá bàbá mi fi gbé lọ́dọ̀ wa ní Paynesville, lẹ́bàá Monrovia ní Liberia, èmi ni mo ń ru ọ̀rọ̀ láàrin wọn àti ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Kì í ṣe pé èdè àwọn méjèèjì yàtọ̀. Yorùbá kan náà ni wọ́n ń sọ, nínú ilé kan náà. Ṣùgbọ́n kí Ìyá Àgbà tó lo oṣù méjì pẹ̀lú wa, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kú iṣẹ́" lọ ti ń gba ẹnu mi kọjá. Ìyá Àgbà á jókòó sórí àga ní pálọ̀, Màmá á dúró nídìí gáàsì ní kíṣìnì, ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàrin wọn, síbẹ̀ Ìyá Àgbà á ní, "Ìbídùn, lọ sọ fún ìyá rẹ pé..." Màmá náà á fèsì, "Ìbídùn, bá mi sọ fún Màmá pé..." Èmi á sì máa lọ, máa bọ̀, bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Ẹ̀fọ́ ló sì dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún mi.

Ilé wa kò tóbi. Yàrá mẹ́ta ni, pẹ̀lú àgbàlá oníyanrìn àti igi máńgòrò kan tí àwọn adìẹ Ma Kebbeh máa ń sùn sí. Ma Kebbeh ni aládùúgbò wa, ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Liberia, tí àwa ọmọdé ń bẹ̀rù tí a sì tún fẹ́ràn. Kí n tó lajú láràárọ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ìró odó wọn, tí wọ́n ń gún ewé gbágùúdá tí wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀: gbì, gbì, gbì. Ó ya Ìyá Àgbà lẹ́nu púpọ̀ pé ènìyàn lè jẹ ewé gbágùúdá, nítorí ní ìlú wọn ewúrẹ́ ni wọ́n ń já a fún. Lẹ́yìn odó, ọwọ́ pọ́ǹpù omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta á máa fọn fèrè lójú títì. Nínú ilé tiwa, ìró kan wà tí kì í dákẹ́ àfi tí iná bá lọ, ìyẹn kíkùn fírísà. Funfun ni, ó gùn, ó sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàrin kíṣìnì àti yàrá tí èmi àti Ìyá Àgbà ń sùn. Bàbá mi jẹ́ ẹnjiníà tó ń ṣe ọ̀nà ní ìgbèríko. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń wálé, pẹ̀lú eruku pupa nínú irun wọn. Màmá ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì láàrin ìlú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń dé, pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, nítorí ẹsẹ̀ wọn ti wú. Èmi àti Táyọ̀ àbúrò mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, la máa ń sáré lọ gba bàtà náà àti àpò tí wọ́n bá gbé dání.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé Ìyá Àgbà wá. Ní Ìrágbìjí tí wọ́n ń gbé, ojú wọn ṣàdédé ṣókùnkùn lọ́jọ́ kan nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti oko, wọ́n sì ṣubú. Bàbá mi ní kò sí ẹni tó máa dá gbé ilé mọ́. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò sọ pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n dín epo pupa kù, kí wọ́n sì máa jẹ ewébẹ̀ lójoojúmọ́. Bàbá fi ọ̀rọ̀ náà lé Màmá lọ́wọ́ kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, Màmá sì mú un bí ẹni gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jáde ní báǹkì, ewé tí àwọn obìnrin ń tà lẹ́bàá títì á ti rọ. Tí wọ́n bá sì rà á náà, ta ló máa ṣa á, ta ló máa pọn omi tí a ó fi fọ̀ ọ́? Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ra ẹ̀fọ́ dídì ní ilé ìtajà ńlá kan tí kò jìnnà sí báǹkì. Wọ́n á kó o bọ inú fírísà: gíríìnì-bíìnsì gígùn, písì róbótó róbótó, àti ewé sípínáàṣì tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì mú kó dì bíi bíríkì kéékèèké. Lálaalẹ́, Màmá á da omi sí ìkòkò, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á da ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á dé e. Tó bá hó títí, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ dànù, wọ́n á bù ú sí ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì wa. Bí àwọ̀ aṣọ tó ti pẹ́ lóòrùn ló máa ń rí. Èmi náà ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹni ń mu omi tí a fi ṣan ewé ló ṣe ń ṣe mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́. Nílé wa, ohun tí wọ́n bá bù fún ọmọ lọmọ ń jẹ.

Ìyá Àgbà ò jẹ ẹ́. Wọ́n á fi ṣíbí tì í sí etí abọ́, wọ́n á jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ tán, wọ́n á sì fi ẹ̀fọ́ náà sílẹ̀ roboto bí ó ṣe wà. Lónìí tí èmi náà ti dàgbà, mo mọ ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà. Iṣẹ́ ẹ̀fọ́ ni Ìyá Àgbà ṣe láyé. Wọ́n ní àkùrọ̀ létí odò kan lẹ́yìn ìlú, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, ìdájí tí ìrì ṣì wà lára ewé ni wọ́n ń ká a. Wọ́n máa ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún mi bí wọ́n ṣe ń já ọ̀mùnú kí ìdí rẹ̀ lè tún rú. "Ewé tí kì í rọ," wọ́n máa ń sọ, "kò ní ẹ̀mí." Nígbà mìíràn mo máa ń bá wọn níwájú fírísà, tí wọ́n ti ṣí i, tí wọ́n ń wo àwọn ọ̀rá ẹ̀fọ́ náà láì fọwọ́ kàn wọ́n, tí òtútù ń rú jáde sí wọn lójú.

Bí ọ̀rọ̀ rírù mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Àgbà á ní, "Sọ fún ìyá rẹ pé mi ò ní eyín tí mo fi ń jẹ okùn." Mo máa rin ìṣísẹ̀ mẹ́fà náà, ọ̀rọ̀ á sì ti yí padà kí n tó dé kíṣìnì. Màá ní, "Màmá, Ìyá Àgbà ní àwọn ti yó, ẹ ṣeun." Màmá á ní, "Sọ fún Màmá pé dókítà ló ní kí wọ́n jẹ ẹ́, kì í ṣe èmi." Màá padà lọ sọ pé, "Ìyá Àgbà, Màmá ní ẹ rọra máa tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀." Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo kàn rí i pé tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe wà, ojú máa le, tí mo bá sì tún un ṣe díẹ̀, a ó jẹun tán ní àlàáfíà. Ìyá Àgbà fúnra wọn ló máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni mo ń yọ obì náà fún wọn.

Ọjọ́bọ̀ kan ni mo ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Òjò ti rọ̀ láti ọ̀sán. Mo jókòó ti ìwé mi, mi ò sì mọ ìgbà tí Táyọ̀ jáde lọ síta lọ ń ṣeré nínú ọ̀gbàrá. Màmá bá a níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin tí ó ń gbọ̀n. Èmi ni wọ́n bá wí. Wọ́n wí mi gan-an, wọ́n ní mo ti dàgbà tó ẹni tí ènìyàn ń fi ilé sílẹ̀ fún, mo sì ń ṣe bí ọmọ ọwọ́. Ó dùn mí, nítorí mo mọ iye nǹkan tí mo ń bójú tó nínú ilé yẹn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Màmá wọ kíṣìnì pẹ̀lú aṣọ tútù lára, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n bọ ẹ̀fọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Nígbà tí mo gbé abọ́ fún Ìyá Àgbà, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Sọ fún ìyá rẹ kó má gbé ẹ̀fọ́ òkú síwájú mi mọ́. Alààyè ni mí."

Mo lè sọ pé ebi ò pa wọ́n. Ó ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí Màmá, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bó ṣe wà, mo tilẹ̀ fi ohùn Ìyá Àgbà sọ ọ́: "Màmá, Ìyá Àgbà ní kí ẹ má gbé ẹ̀fọ́ òkú síwájú àwọn mọ́. Alààyè ni wọ́n."

Màmá gba abọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n da ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí, wọ́n da èyí tó kù nínú ìkòkò tẹ̀ lé e. Wọ́n fọ ìkòkò, wọ́n nù ún, wọ́n fi aṣọ ìnùkòkò kọ́ síbi tó yẹ. Mo dúró títí, mò ń retí kí wọ́n ní, "Bá mi sọ fún Màmá pé..." Wọn ò sọ ọ́. Láti ọjọ́ kejì lọ, ìrẹsì àti ọbẹ̀ nìkan là ń jẹ. Kò sí ẹ̀fọ́ lórí abọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí mò ń rù mọ́, nítorí àwọn méjèèjì ò ní nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ sọ fún ara wọn.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ma Kebbeh bá wa mú Ìyá Àgbà lọ sí ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa láti lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, nítorí Màmá wà níbi iṣẹ́. Èmi ni mò ń túmọ̀ ohun tí nọ́ọ̀sì ń sọ. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n, ó mi orí. Ó bi mí pé kí ni ìyá yìí ń jẹ. Mo ní ìrẹsì. Ó ní ewébẹ̀ ńkọ́. Mo túmọ̀ ìbéèrè náà, Ìyá Àgbà sì wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Sọ fún un pé mo ti gbọ́." Nígbà tí a wà nínú kẹ̀kẹ́ tí à ń padà sílé, mo di ọwọ́ wọn mú. Mo rò ó pé tí Ìyá Àgbà bá kú, ẹnu mi ló pa wọ́n. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọdé máa ń ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀, àgbà á sì máa wò ó pé eré ló ń ṣe.

Oṣù òjò wá dé bá wa. Ẹni tó bá ti gbé Monrovia rí mọ òjò tí mò ń wí, tó máa rọ̀ lọ́sẹ̀ tó máa tún rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, tí aṣọ kì í gbẹ lórí okùn. Àárín òjò yẹn ni Màmá dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n kọ́kọ́ ní ó kàn rẹ̀ wọ́n ni. Ní ọjọ́ kẹta wọn ò lè dìde mọ́. Ma Kebbeh pe kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ibà àti taifọ́ọ̀dù ló mú wọn pa pọ̀. Wọ́n fún wọn ní oògùn, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n sì rí i pé wọ́n ń jẹun. Wọn ò jẹun. Ẹ̀kọ tí Ìyá Àgbà pò fún wọn, wọ́n bì í. Ìrẹsì, wọ́n ní ó ń rùn. Bàbá pè lórí fóònù láti ìgbèríko, wọ́n ní àgbàrá ti gé ọ̀nà, ọkọ̀ kankan ò lè kọjá. Ní òpópónà tiwa pàápàá, omi ti bo ọ̀nà tó lọ sí ọjà. Ewé ànàmọ́ tí Ma Kebbeh gbìn sẹ́yìn ilé, tí wọ́n máa ń já fún wa tẹ́lẹ̀, ti jẹrà sínú omi. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, màá máa wo egungun ọrùn Màmá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Ìyá Àgbà dìde lórí àga, wọ́n lọ ṣí fírísà. Wọ́n mú ọ̀rá gíríìnì-bíìnsì kan jáde, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo kà á. "Ó ní ká má jẹ́ kó yọ́ ká tó sè é. Ó ní tààrà láti inú fírísà."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀rá ni, mà."

"Ọ̀rá ò jẹun rí," ni Ìyá Àgbà wí. Wọ́n da ẹ̀fọ́ náà sínú abọ́ omi gbígbóná bí ẹni ń yọ́ ẹja, wọ́n dúró títí ó fi rọ̀, wọ́n wá dà á sínú ìkòkò, wọ́n fi omi àti iyọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí, ẹ̀fọ́ Màmá gan-an ló wà níbẹ̀. Àwọ̀ kan náà, òórùn kan náà. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n dúró nídìí gáàsì fún ìgbà pípẹ́, ṣíbí lọ́wọ́ wọn.

"Ohun tí ìyá rẹ ti ń bá jà láti ọjọ́ yìí nìyí," ni wọ́n sọ, kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo kà á látòkèdélẹ̀. Wọ́n ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n gbé agbada ka iná láì fi omi kankan sí i, wọ́n jẹ́ kó gbóná títí èéfín fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, wọ́n kán òróró sí i díẹ̀. Wọ́n bu ẹ̀fọ́ náà, tó le bí òkúta, ẹ̀kúnwọ́ méjì péré, wọ́n sọ ọ́ sínú rẹ̀. Ó pariwo ṣàà. Mo na ọwọ́ sí ìdérí, wọ́n gbá ọwọ́ mi sẹ́yìn.

"Má dé e. Omi ló ń pa á. Omi tirẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde."

Wọn ò rò ó. Wọ́n jẹ́ kó jókòó títí ìdí rẹ̀ fi pọ́n díẹ̀, kí wọ́n tó yí i padà. Ìgbà yẹn ni àlùbọ́sà wọlé, atalẹ̀ tí wọ́n rin, ata gígún ṣín-ún, àti ìwọ̀nba irú tí wọ́n dì wá láti ilé. Iyọ̀ ló kẹ́yìn, ìka méjì péré. "Iyọ̀ a máa pe omi," wọ́n ṣàlàyé fún mi, "tí o bá tètè fi sí i, o ti pè é wá sílé nìyẹn." Àwọ̀ ewé ló ṣì wà lára rẹ̀, ó ń dán. Táyọ̀, tí òórùn ti fà wọlé, jẹ ọ̀kan, ó tún jẹ ọ̀kan, ó sì jókòó sílẹ̀ ti abọ́ náà.

Ti Màmá yàtọ̀, nítorí inú wọn ò lè gba ata. Sípínáàṣì ni Ìyá Àgbà mú. Wọ́n ní èyí tó dì bíi bíríkì ò lè gbọ́ ti agbada gbígbóná, nítorí náà wọ́n jẹ́ kó yọ́, wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n sì fún un bí ẹni ń fún ògì, títí omi ò fi kán mọ́. Omi tó jáde kún ife kan. Wọ́n tú u ká sínú àlùbọ́sà tó ti rọ̀ nínú òróró, wọ́n bu edé tí wọ́n lọ̀ kúnná sí i, wọ́n yí i fún ìwọ̀nba ìgbà tí ènìyàn lè fi ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n bù ú sí ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì rírọ̀ nínú abọ́ kékeré. Mo na ọwọ́ láti gbà á. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀. Èmi ni màá gbé e."

Mo tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Màmá gbé ara sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Wọ́n jẹ ṣíbí kan, a dúró. Wọn ò bì. Wọ́n jẹ ìkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ṣíbí dúró, wọ́n sì wo Ìyá Àgbà.

"Màmá, ṣé ẹ̀fọ́ òkú náà nìyí?"

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn wọn, àárẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ìyá Àgbà yí ojú padà, wọ́n wò mí, mo sì rò pé wọ́n máa sẹ́. Tí wọ́n bá sẹ́, òpùrọ́ ni mí nílé wa títí láé.

"Èmi ni mo sọ ọ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọmọ ò purọ́ mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu àgbà ni." Wọ́n jókòó sí ẹ̀bá ibùsùn. "Ìyá Ìbídùn, ẹ̀fọ́ ni mo fi tọ́ ọkọ rẹ. Tí mo bá wọ àkùrọ̀ mi, mo mọ̀ pé ènìyàn ni mí. Mo dé ilé yìí, mo ṣí àpótí yẹn, mo rí ẹ̀fọ́ tí n kò gbìn, tí n kò já, tí n kò ṣa, tó ń dúró dè yín lóṣù mẹ́ta láì rọ. Mo ní, kí ni wọ́n wá fẹ́ fi èmi ṣe?"

"Èmi rò pé ẹ ń fi abọ́ yín sọ fún mi pé mi ò mọ ilé í tọ́jú ni," ni Màmá wí. "Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ń bọ̀, àyà mi á máa já. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyá mi kú, mà. Ilé ìwé tí mo gbé dàgbà, omi àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń se gbogbo nǹkan. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

"O ò sọ fún mi rí."

"Ẹ ò bi mí, mà."

Ìyá Àgbà tẹ́wọ́ gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn, wọ́n bu ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ pọ̀, wọ́n sì fi bọ́ Màmá lẹ́nu bí ẹni ń bọ́ ọmọ. "Òótọ́ ni," ni wọ́n sọ. "Mi ò bi ọ́. Jẹ èyí. Tí o bá ti lè dìde, màá kọ́ ọ." Wọ́n yí padà sí mi. "Ìwọ, lọ ṣeré. Tí mo bá ní ọ̀rọ̀ í sọ láti òní lọ, mo ní ẹsẹ̀ tí màá fi lọ sọ ọ́."

Mo lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò nínú ọ̀rinrin, mo sunkún dáadáa. Ìdùnnú ni, àmọ́ mi ò ní parọ́, ó dà bíi pé wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Àwọn ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e wà lára ohun tí mo ń dúpẹ́ fún jù láyé mi. Àwọn méjèèjì á wà ní kíṣìnì láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ní tán. Màmá máa ń ka ọ̀rá, Ìyá Àgbà á máa bá ọ̀rá jiyàn, wọ́n á jọ tọ́ ọ wò. Wọ́n rí i pé písì ò fẹ́ kí iná rí òun pẹ́: kí ata àti àlùbọ́sà dín tán, kí písì wọlé gbẹ̀yìn, kí ẹyin tí a pò tẹ̀ lé e, kí a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ma Kebbeh gbé ẹ̀pà yíyan tí wọ́n gún wá, ó sì yé wa lọ́jọ́ yẹn pé kò sí ohun tó ń bá gíríìnì-bíìnsì mu bíi kí a wọ́n ẹ̀pà gígún sí i lórí nígbà tó bá ṣì gbóná. Ma Kebbeh jẹ ẹ́, wọ́n yíjú sí Ìyá Àgbà, wọ́n ní, "Old Ma, ẹ fẹ́ kó gbogbo àdúgbò wá sílé yìí." Bí Màmá bá mú búrókólì wálé, tí Táyọ̀ máa ń pè ní igi kéékèèké, agbada gbígbẹ náà ni wọ́n ń lò, títí etí rẹ̀ á fi jó díẹ̀, wọ́n á wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Nígbà tí ọ̀nà ṣí tí Bàbá dé, wọ́n jókòó ti abọ́, wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ tán kí wọ́n tó kan ìrẹsì, wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n wo ìyàwó wọn, wọ́n sì gbọ́n tó láti má bèèrè ohunkóhun. Nọ́ọ̀sì náà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá Àgbà kí ọdún tó parí, ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe, kí wọ́n máa ṣe é lọ.

Camp Johnson Road, láàrin ìlú Monrovia, ni mo ń gbé báyìí, mo ní ọmọ méjì, mo sì máa ń ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú bíi ti Màmá. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ṣí fírísà, tí màá gbé agbada gbígbẹ ka iná, tí n kò ní wá ìdérí. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ̀fọ́ ti wà lórí abọ́. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé oúnjẹ inú fírísà ò ní ìtàn. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Ìyá Àgbà padà sí Ìrágbìjí nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Wọ́n ní ara àwọn ti le, àkùrọ̀ àwọn ò sì gbọ́dọ̀ di igbó. Gbogbo wa la sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú. Màmá ò lọ sí iṣẹ́ ní wákàtí àárọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ aṣọ báǹkì wọn, nítorí láti ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ti lọ síbi iṣẹ́. Bàbá ní kí Ìyá Àgbà gbàdúrà fún wa kí wọ́n tó wọlé. Èmi àti Táyọ̀ ti kúnlẹ̀, à ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí Bàbá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n kọjá lára Bàbá. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí Màmá, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́."

Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Mi ò tíì gbọ́ orúkọ yẹn rí nílé wa. Ìyàwó ni wọ́n ń pe Màmá, tàbí Ìyá Ìbídùn. Màmá kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níwájú gbogbo èrò, pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì báǹkì wọn, ojú wọn sì kún fún omi kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí à ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n sọ fún wa pé oríkì tí ìyá wọn sọ wọ́n ni, pé láti ọmọ ọdún méje, kò sí ẹni tó tún fi pè wọ́n. Ìyá Àgbà ló béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń fún ẹ̀fọ́.

Màmá ò lọ sí báǹkì mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí a délé, wọ́n jókòó sí pálọ̀ lórí àga Ìyá Àgbà. Táyọ̀ wọlé láti àgbàlá pẹ̀lú ẹsẹ̀ oníyanrìn, ó dúró níwájú wọn, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ebi ń pa mí." Bàbá ṣí ẹnu láti bá a wí. Ṣùgbọ́n Màmá ti dìde, wọ́n sì dá a lóhùn.